Orin Ilẹ̀ Lílù Tó Di Orin Kábọ́ọ̀ì

Ẹ máa fọ ilẹ̀ táìlì yín lọ, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ da omi, ẹ da ọṣẹ, ẹ fi àkísà nù ún títí yóò fi máa dán, lẹ́yìn náà kí ẹ máa yọ̀ ṣubú lórí rẹ̀ bí ẹni tó tẹ ilá. Ṣebí ọdún tó kọjá ni ìyá kékeré yín fi ìdí lélẹ̀ níbẹ̀ yẹn, tó ń ké bí ọmọ ọwọ́. Ilẹ̀ tiwa kì í yọ èèyàn ṣubú. Ọwọ́ obìnrin la fi ń ṣe é. Ìwọ, pa rédíò yẹn. Mi ò ní kí o yí i sílẹ̀, mo ní kí o pa á! Inú ń bí mi lónìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń bí mi nínú.

Agboolé wa ní Ọ̀yọ́, ẹ mọ̀ ọ́n, ìsàlẹ̀ ọjà Akẹ̀sán ló wà. Nígbà tí mo wà lọ́mọge, bí ẹnikẹ́ni bá kọ́lé tuntun ládùúgbò, àwa ọmọ ilé yẹn lóbìnrin ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè kí a wá lu ilẹ̀ rẹ̀. Àwọn ọkùnrin á da yẹ̀pẹ̀ pupa sí yàrá, wọ́n á tẹ́ ẹ, iṣẹ́ wọn parí nìyẹn, wọ́n á lọ máa ta ayò. Àwa á wọ́n omi sí i, a ó tò láti igun yàrá, oníkálùkù pẹ̀lú igi pẹlẹbẹ lọ́wọ́, a ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, a ó máa lù ú. Kì í ṣe lílù bí ẹni ń lu ejò o! Gbogbo igi gbọ́dọ̀ balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, gbì! Gbogbo wa á sì mí sóde lẹ́ẹ̀kan náà, hìn! Gbì, hìn! Gbì, hìn! Orin ni kì í jẹ́ kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni ṣìnà. Bí ilẹ̀ náà bá gbẹ, a ó rẹ èèpo èso igi igbá, igi tí à ń rí irú lára rẹ̀, a ó fi omi rẹ̀ pa á. Á dúdú, á le, á máa tutù lábẹ́ ẹsẹ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Mo ti mú òkèlè tó bọ́ sórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ rí, n kò rí iyanrìn kankan lára rẹ̀.

Ìgbà kan wà tí Ìyá Ráfátù, ọ̀rẹ́ mi, ń wo ọkùnrin kan lójú fèrèsé, ló bá gbé igi tirẹ̀ lé mi ní àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Èékánná náà kò hù dáadáa mọ́ títí di òní, ẹ wò ó. Ó kúkú fẹ́ ọkùnrin náà.

Orin ilé tuntun pọ̀. Ẹ̀fẹ̀ wà nínú wọn, èébú ọkọ wà nínú wọn, ẹ̀rín la fi ń ṣe iṣẹ́ ọ̀hún. Ṣùgbọ́n orin kan wà lọ́tọ̀. Láyé ìgbà yẹn, inú yàrá ẹni ni wọ́n ń sin àgbà sí. Bí Àfáà bá ti kírun sí i lára tán, tí àwọn ọkùnrin sì ti ró yẹ̀pẹ̀ bò ó, wọ́n á jáde, àwa ọmọ ilé lóbìnrin á wọlé. A ó lu ilẹ̀ yàrá náà padà títí ẹnikẹ́ni ò fi ní mọ ibi tí wọ́n gbẹ́. Àfáà mọ̀ pé à ń kọrin níbẹ̀. Bó bá ti tó àkókò, á ní òùngbẹ ń gbẹ òun, á bọ́ síta lọ mu omi, kò rí wa, kò gbọ́ wa. Ọ̀rọ̀ orin náà ni mo fẹ́ pè fún un yín. Ohùn rẹ̀ kọ́, ẹ ò ní gbọ́ ìyẹn lẹ́nu mi:

Ilẹ̀ o, rọra o,
Ẹni wa ló wọlé.
Ilẹ̀ o, rọra o,
Ẹni wa ló sùn.
Má mà le mọ́ ọn,
Má mà wúwo lé e.
Ibi tó fẹsẹ̀ tẹ̀ láàárọ̀,
Ibẹ̀ ló forí lé lálẹ́.

A kì í kọ ọ́ bí kò bá sí òkú nílẹ̀. A kì í kùn ún nídìí ààrò, a kì í fi rẹ ọmọ lẹ́kún. Ọmọdé tó bá dán an wò, ìfọ́tí ni, nítorí ẹni tó bá kọ ọ́ lásán, wọ́n ní ó ń pe ẹnìkan pé kó wá wọlẹ̀. Ìyá mi ló ń dá a, àwa la máa ń gbè é. Ìyá mi kò ní wúrà, kò ní ilẹ̀ oko, ṣùgbọ́n kò sí arúgbó kan tó kú nílé wa tí kì í ṣe ohùn ìyá mi ló sìn ín wọlé.

Ibẹ̀ ni mo wà tí mo fi fẹ́ bàbá yín àgbà, tí mo wá sí Ogbómọ̀ṣọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ìyá mi kọ́kọ́ yarí. Ó ní kí ni ọmọ Ọ̀yọ́ ń wá lọ́dọ̀ àwọn tó ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ. Ilé sinimá ni bàbá yín ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, òun ló ń yí fíìmù. Èmi ń ta ẹ̀pà àti gúgúrú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ibẹ̀. Ibi tí ẹ ń pè ní Under G lónìí, tí ilé akẹ́kọ̀ọ́ kún fọ́fọ́, oko ẹ̀gẹ́ ni. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sọ́ńdè, àwọn Onítẹ̀bọmi á fi dùùrù kọ orin tí àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà kọ́ wọn, á dùn lọ́nà jíjìn réré. Bí wọ́n bá ti ń ṣe àmín báyìí, ìbọn á bẹ̀rẹ̀ ní sinimá tiwa.

Fíìmù kábọ́ọ̀ì, ti àwọn òyìnbó tó ń gun ẹṣin yìnbọn, ni gbogbo ayé fẹ́. Ọjọ́ Iléyá ni kí ẹ wá wò! Gbogbo ọmọ kéékèèké á ti wọ aṣọ tuntun, wọ́n á dé fìlà fẹ̀ǹgẹ̀, wọ́n á fi awò oníke sójú, ìbọn oníke á wà ní ìgbànú. Wọn ò tíì jẹ ẹran tán tí wọ́n á ti máa yìnbọn lu ara wọn. Èmi kì í wọlé wòran. Ẹ̀yìn ògiri ni mo wà, etí ni mo fi wo gbogbo fíìmù wọn. Ẹnìkan á máa súfèé bí ẹni tó ń dá rìn lójú ọ̀nà, gìtá á dá a lóhùn, agogo á dún, àwọn obìnrin á máa ṣe ò ò ò bí ẹni tó ń pe ẹni tó sọnù. Lẹ́yìn náà, ẹgba á dún, tàì! Mo máa ń mọ̀ pé ẹnìkan fẹ́ kú kí àwọn tó wà nínú ilé tó mọ̀. Nígbà mìíràn iná á lọ lójijì, gbogbo wọn á máa súfèé orin náà lọ nínú òkùnkùn títí bàbá yín á fi tan jẹ́nẹ́rétọ̀. Kí n má purọ́, ó dùn mọ́ mi.

Jímọ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ló là mí lóye orin wọ̀nyẹn. Ó ti kẹ́kọ̀ọ́ orin ní Ọ̀yọ́, gìtá kì í kúrò léjìká rẹ̀, ó sì máa ń wá bá wa ní Ogbómọ̀ṣọ́ nítorí kó lè wo sinimá ọ̀fẹ́. Ó jókòó tì mí lọ́jọ́ kan, ó ń bó ẹ̀pà mi jẹ.

"Àǹtí, ṣé ẹ mọ̀ pé àwọn tó ṣe fíìmù yìí kì í ṣe ará Amẹ́ríkà? Ará Ítálì ni wọ́n."

"Kí ló wá kàn mí níbẹ̀?"

"Orin ẹ̀ ni mo ní kí n sọ fún un yín. Òmíràn wà nínú ẹ̀ tó jẹ́ pé orin àwọn mẹ̀kúnnù ni tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ń rìn láti oko dé oko wáṣẹ́ ló ń kọ ọ́ fún ara wọn. Ọ̀gá olórin kan wá mú un, ó yọ ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ dànù, ó fi ìfé àti gìtá àti ẹgba sí i. Òun náà lẹ̀ ń gbọ́ yẹn."

"Àwọn tó ni ín ńkọ́?"

Ó fẹ́ èèpo ẹ̀pà kúrò lọ́wọ́. "Ta ló mọ̀ wọ́n, Àǹtí?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ṣé ẹ rí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn, kì í dunni bí i tẹni. Mo tún bu ẹ̀pà fún un.

Sìmẹ́ńtì ti gba ìlú nígbà yẹn. Ẹni tó bá ní kí wọ́n wá lu ilẹ̀ ilé òun, wọ́n á ní tálákà ni. Àwọn ọmọge ilé wa ti lọ sí Ìbàdàn, wọ́n ti lọ sí Èkó, àwọn tó kù ń ránṣọ, wọ́n ń ṣerun, ta ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀? Orin òkú yẹn, àwa díẹ̀ tó ti dàgbà la mọ̀ ọ́n. Ìyá mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ bí ẹni ń ṣeré, ṣùgbọ́n kì í ṣe eré. Á ní, "Èmi sin gbogbo wọn. Ta ni yóò wá sin èmi?" Bí mo bá ní èmi wà, á ní, "Ìwọ nìkan lo fẹ́ dá a, tí o tún fẹ́ gbè é?"

Jímọ̀ gbọ́. Ó gbé rẹ́kọ́dà dé, ó dọ̀bálẹ̀ níwájú ìyá bàbá rẹ̀. Ó ní, "Ìyá, ẹ kọ ọ́ sínú tépù fún mi. Gbogbo ọmọ ilé á fi kọ́ ọ. Bí ọjọ́ bá dé, wọn ò ní ṣì í rárá." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ ìyá mi lára. Ṣùgbọ́n ó ní òun kò lè kọ ọ́ láìsí òkú, kí òun má lọ fọwọ́ ara òun pe ikú wọlé. A rò ó síwá, a rò ó sẹ́yìn. Ìyá Ráfátù ló ní ṣebí àwọn àgbà máa ń sin ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ dípò aláìsàn láti fi tan ikú, ṣé a ò lè sin ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni?

Ẹ wo òmùgọ̀ àgbà! A gé ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀, a wẹ̀ ẹ́, a fi aṣọ funfun dì í. A gbẹ́ ilẹ̀ sẹ́yìnkùlé, a tẹ́ ẹ síbẹ̀, a bò ó. Ogbómọ̀ṣọ́ ni mo ti wọkọ̀ wá nítorí rẹ̀. A tò, igi balẹ̀, gbì, hìn! Ìyá mi gbé ohùn sókè, rẹ́kọ́dà Jímọ̀ sì ń yí lórí àpótí. Mo sunkún fún ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ bá mi kí ara mi. Nígbà tí a ṣe tán, a tún bẹ ilẹ̀ pé kó má bínú, a ti fún un lóhun tó máa jẹ. Ilẹ̀ là ń bẹ̀rù, a ò bẹ̀rù ọmọ wa. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ní bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani.

Ọdún yí po, fíìmù tuntun kan dé sinimá wa. Kì í ṣe ti òyìnbó. Àwọn èèyàn wa ló ṣe é, àwọn ọlọ́ṣà gun ẹṣin, wọ́n dé fìlà kábọ́ọ̀ì, Yorùbá ni wọ́n ń sọ. Èrò ya bò wá, ẹ̀pà mi ń tà wàràwàrà. Mo ń pọ́n ẹ̀pà sínú bébà fún oníbàárà kan nígbà tí ìfé bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ògiri. Ọwọ́ mi kọ́. Mo ní rárá, etí mi ló ń dún. Gìtá dá ìfé náà lóhùn. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ gbì! Mo gbọ́ hìn! Ọmọ mi, hìn tèmi náà wà níbẹ̀! Lórí gbogbo rẹ̀, ohùn ìyá mi ń ṣe ò ò ò, ibi tó ti ń fa ohùn nìkan ni wọ́n gé mú, wọn ò fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ níbẹ̀.

Mi ò mọ ìgbà tí mo ti ẹni tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo wọlé, mo wòkè. Apànìyàn kan ń bọ̀ nínú pápá gbígbẹ, fìlà bò ó lójú, kò kánjú. Ó fa ìbọn yọ, ó yìn ín, igi wa sì balẹ̀, gbì! Ẹnìkan ṣubú. Ó tún yìn ín, gbì! Ẹlòmíràn ṣubú. Igi tí a fi ń tẹ́ ibùsùn fún àgbà ilé wa ni wọ́n fi ń pa èèyàn lójú gbogbo ayé, gbogbo ilé sì ń hó yèè. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà pé Jímọ̀ ló ṣe orin rẹ̀. Mo sáré gun yàrá òkè lọ bá bàbá yín níbi tó ti ń yí fíìmù.

"Pa á!"

"Ìyá Súlè, kí ló dé?"

"Mo ní kí o pa á! Ohùn ìyá mi nìyẹn!"

Ó tẹ́tí sílẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà, nítorí òun náà mọ ohùn àna rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní, "Bí mo bá pa á báyìí, wọ́n á dáná sun ilé yìí mọ́ wa lórí." Kò lè wò mí lójú. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀ títí fíìmù náà fi tán.

Kí a tó mọ̀, ó ti gba ẹnu gbogbo ayé. Mẹkáníìkì ń súfèé rẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń súfèé rẹ̀ lọ ilé-ìwé. Mo wọ mọ́tò lọ sí Ọ̀yọ́. Mo fẹ́ kí ìyá mi gbọ́ ọ lẹ́nu mi kó tó gbọ́ ọ níta, ṣùgbọ́n ọjà Akẹ̀sán ti yá jù mí lọ. Ó lọ ra iyọ̀ níbẹ̀, àwọn alápatà ń súfèé rẹ̀ níwájú rẹ̀, àwọn tó ń ti ọmọlanke ń gbè é lẹ́yìn rẹ̀. Kò ra iyọ̀ mọ́. Mo bá a lórí ìjókòó, ìborùn ṣì wà lórí rẹ̀.

Ó wò mí, ó ní, "Ṣé mo ti kú ni? Gbogbo ọjà ló ń sin mí."

A ránṣẹ́ pe Jímọ̀. Ó wọ bàtà tuntun dé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ìyá, orin yín ti dolókìkí! Títí dé Ìlọrin ni wọ́n ń súfèé ẹ̀!"

"Ṣé mo ní kí o gbé e lọ sí Ìlọrin ni? Inú ilé ni mo ní kó wà."

"Ìyá, orin tí kò bá jáde, kíkú ló ń kú."

"Tiwa kì í kú. Èèyàn ló ń kú, òun ló ń sìn ín."

Ó yíjú sí mi. Mo rò pé ó fẹ́ bẹ̀bẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣàlàyé fún wọn. Wọn ò mọ̀ nípa fíìmù." Háà! Sálúbàtà ẹsẹ̀ mi ni mo jù lù ú, ó bà á ní igbá-àyà. Ìyá mi ní kí n fi í sílẹ̀. Kò ṣépè fún un, kò bú u. Ó kàn di ọwọ́ mi mú nígbà tí onítọ̀hún lọ tán, ó ní, "Tèmi kò pọ̀. Bí mo bá lọ, ẹ ṣáà kọ ọ́ bó ṣe yẹ. Ẹ má yọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀." Mo ní, "Ìyá, ojú mi ni a ó ti kọ ọ́ bó ṣe yẹ." Ṣé ẹ gbọ́? Mo ní ojú mi ni.

Ọyẹ́ ló mú un lọ. Àárọ̀ ló kú, a sì sin ín lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, nínú yàrá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, bàbá Jímọ̀, ti mú bíríkìlà wá, ó ti po sìmẹ́ńtì síta, ó ní kí wọ́n dà á kó tó le. Mo ní ó di ẹ̀yìn ìgbà tí a bá lu ilẹ̀ náà. Àfáà ní òùngbẹ ń gbẹ òun. A wọlé, èmi, Ìyá Ráfátù, àwọn ìyàwó ilé, àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ lóbìnrin. Àwọn tí kò ní igi yá igi. Èrò dúró sí ojú fèrèsé, nítorí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti rí irú rẹ̀ kẹ́yìn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí àyè ìyá mi, mo gbé e: "Ilẹ̀ o, rọra o..."

Igi balẹ̀, gbì!

"Pà!" Ẹnìkan ló fi ẹnu yìnbọn lójú fèrèsé. Ọ̀dọ́kùnrin kan di àyà mú, ó ta gìọ́rọ́gìọ́rọ́, ó ṣubú lé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bí ẹni inú fíìmù. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Mi ò dúró, mò ń kọ ọ́ lọ. Ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìfé gbè mí. Mo wo ẹ̀gbẹ́ mi, ètè àwọn ọmọ ọmọ ìyá mi ń gbọ̀n. Ẹ̀rín ni wọ́n ń pa mọ́ra, kò sì pẹ́ tó já. Kì í ṣe ìkà ni wọ́n. Wọ́n gbọ́ orin fíìmù níbi òkú ni. Igi wọn dàrú, ó ń balẹ̀ gbàràgbàrà bí ìgbà tí ọmọdé ń gúnyán. Bẹ́ẹ̀, wọn ò ṣi ohùn orin náà lọ́nà kan. Jímọ̀ ní wọn ò ní ṣì í, wọn ò sì ṣì í lóòótọ́.

Mo gbé ọwọ́ sókè, mo ní ó tó. Bí mo bá kọ ọ́ tán, ẹ̀rín ni ìyá mi máa gbé wọlẹ̀. A lu ilẹ̀ náà láìkọrin. Àwọn ọ̀dọ́ ojú fèrèsé rí ojú mi, wọ́n túká. Jímọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń sunkún bí ẹni tí wọ́n nà. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n bá yín dá a." Mi ò tíì dá a lóhùn títí di bí mo ṣe jókòó yìí, ẹ sì má bẹ̀ mí, ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

A jáde, bíríkìlà wọlé, ó kúnlẹ̀. Èmi dúró tì í kó má baà ṣe é ní ìdọ̀tí. Ibẹ̀ la wà nígbà tí ọkùnrin kan ti ọmọlanke rẹ̀ kọjá lójú títì. Kò mọ̀ wá, kò mọ̀ pé òkú wà nílé. Ó ń súfèé orin ìyá mi, ó sú u láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò fo ibì kankan. Bíríkìlà ń tẹ́ sìmẹ́ńtì lé ìyá mi lórí, ọwọ́ rẹ̀ sì ń bá ìfé náà rìn.